Ta Ló Dá Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi Dúró?

Ìdí ààrò ni mo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan tí ọmọ mi obìnrin wá bá mi, ó ní kí n bá òun gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, quatrième ló wà, ìyẹn ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ìwé tí òun ń wá ni èyí tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ kò gbé eré ìdárayá, kí olùkọ́ EPS, ìyẹn eré ìdárayá nílé ìwé, má baà pe òun sórí pápá mọ́. "Màámi, ẹ ṣáà ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àyà máa ń dùn mí tí mo bá sáré." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n bá òun ra iyọ̀ bọ̀ lọ́jà.

Mo gba ìwé náà fún un. N kò ní í fi í pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ọjà ń dúró dè mí, n kò ráyè àríyànjiyàn, mo sì mọ ẹni tó mọ ẹni tí ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò fojú kan ọmọ náà rí. Ó gba owó, ó kọ̀wé, ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Mo ká ìwé náà sínú báàgì, mo gun zémidjan, alùpùpù akérò, mo ń padà sílé. Bí a ṣe dé ẹ̀gbẹ́ Ìdènà ni ara mi ṣàdédé tutù. Mo ní kí ó sọ̀ mí kalẹ̀ níbẹ̀, mo san owó rẹ̀, mo sì dúró.

Ẹni tó bá ti dé Kétu wa ní Benin mọ Ìdènà. Ẹnu-bodè àtijọ́ ìlú wa ni, Akaba Ìdènà, níbi tí odi àti yàrà ti ń ṣọ́ ìlú nígbà ogun. Kò sí ọmọ Kétu tí kò gbọ́ nípa 1886, ọdún tí ogun Dànhòmẹ̀ fọ́ ìlú, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Àwọn àlejò máa ń wá ya fọ́tò níbẹ̀, àwọn àgbà a sì máa sọ ìtàn fún wọn. Ṣùgbọ́n lójú àwa ọmọdé ìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ìdènà ń ṣe: ibẹ̀ ni eré ìje máa ń parí sí. Láti iwájú ilé bàbá mi, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri Ìdènà ló borí. A kì í wọ bàtà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ pupa náà a máa gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí agbada orí iná. Èmi ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà láàyè láti jẹ́rìí.

Mo sá eré yẹn títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà náà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń sáré kọjá, ó ké sí ẹni tí wọ́n jọ jókòó pé kó wá wo bí nǹkan ṣe ń mì láyà mi. Ẹ̀rín bú. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò mọ̀ pé nǹkan kan ń mì. Mo sá dé Ìdènà, mo fọwọ́ kan ògiri, ṣùgbọ́n rírìn ni mo rìn padà, mo ká apá méjèèjì mọ́ àyà. Lọ́jọ́ kejì mo ní inú ń run mí. Lọ́jọ́ kẹta mo ní iṣẹ́ wà nílé. Kò pẹ́ tí wọn ò fi pè mí mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé kò sẹ́ni tó béèrè. Ìyá àgbà mi rí i pé mo ti ń jókòó sílé nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ọmọ yìí ti ń gbọ́n." Gbogbo ilé gbà pé mo ti gbọ́n. Ìtìjú ló mú mi, wọ́n pè é ní ọgbọ́n.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdènà lọ́jọ́ yẹn, tí ìwé irọ́ wà nínú báàgì mi, mo rí i pé èmi náà ti fẹ́ di ìyá àgbà yẹn fún ọmọ tí mo bí.

N kò fún un ní ìwé náà. Mo fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, mo wá dúró di alẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí bíbó dára fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kì í jáde tí ojú bá ń wo ojú. Ọwọ́ wa ń ṣiṣẹ́, àwo ẹ̀gúsí la tẹjú mọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin iwájú ṣọ́ọ̀bù fún un, èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan bàbá wọn. Ó dákẹ́ títí. Mo rò pé kò ní í fèsì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Irú ẹ̀ náà ni tiwa, Màámi."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe EPS funfun ni, bí òógùn bá ti mú un, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á hàn. Ó ní àwọn ọmọkùnrin kan máa ń jókòó sórí fẹ́ǹsì tí àwọn ọmọbìnrin bá ń sáré, wọ́n á máa ka ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á máa fi wọ́n wé ẹran. Ó sọ nípa ọmọ kíláàsì wọn kan tí nǹkan oṣù rẹ̀ dé lórí pápá. Kò sí omi nílé ìyàgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà fi súwẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀ so ìdí, ó rìn dé ilé nínú oòrùn ọ̀sán, kò sì padà wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn ìgbà náà, n kò lè kọ ọ́ síbí. "Kì í ṣe èmi," ni ọmọ mi wí, "ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ èmi." Mo gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀.

Ó ní òun ló máa ń gbẹ̀yìn nínú eré ìje. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń pè wọ́n jáde láti sáré, gbogbo kíláàsì yòókù á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa wò. Olùkọ́ wọn kì í ṣe èèyàn búburú. Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní àádọ́ta, bọ́ọ̀lù kan ló wà, wákàtí rẹ̀ sì kéré. Bí ó bá ju bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ni yóò gbá a títí aago yóò fi lù. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kò ní í mọ̀ ọ́n láé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó sọ ọ̀kan tó kù, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ti gba ìwé dókítà tirẹ̀ láti oṣù tó kọjá, abẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó sí báyìí tí EPS bá dé. "Ta ni màá wá bá sáré?"

Mo ti rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe ọmọ mi. Mo ti rò pé fóònù ló fà á. Nígbà tó yá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba, lórí ohun tó ń mú ara gbóná tó sì ń mú mímí yá: eré sísá, bọ́ọ̀lù, ijó, kẹ̀kẹ́ gígùn, ìrìn kánmọ́kánmọ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ tó ń bá àjọ náà ṣiṣẹ́ gbé èsì ìwádìí jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù 1.6 ní orílẹ̀-èdè 146, ọmọ ọdún 11 sí 17. Nígbà tó fi di 2016, 81 nínú 100 nínú wọn kò bá ìṣẹ́jú 60 yẹn. Nínú 100 ọmọkùnrin, nǹkan bí 78 ni kò bá a. Nínú 100 ọmọbìnrin, 85. Láàárín 2001 sí 2016, ti àwọn ọmọkùnrin sàn díẹ̀. Ti àwọn ọmọbìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ lásán ni, báwo ni ọ̀lẹ ṣe wá mọ ọmọbìnrin yàtọ̀ sí ọmọkùnrin káàkiri ayé báyìí?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ ilé, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé àwọn ọmọbìnrin Kétu kì í jókòó. Ìyẹn rí bẹ́ẹ̀. Àjọ náà gan-an ka iṣẹ́ ilé àti ìrìn ẹsẹ̀ mọ́ ohun tí ń ṣe ara lóore. Lórí ilẹ̀ tiwa yìí omi jìnnà nísàlẹ̀, kànga wa jìn, ìgbà èwe mi kò sì ní ọjọ́ kan tí n kò ru omi. A lọ, a bọ̀, a tún lọ. A fi ẹsẹ̀ lọ sóko, a fi ẹsẹ̀ lọ sílé ìwé. Kò sẹ́ni tó ń bi wá bóyá a ti ṣe eré ìdárayá.

Báyìí, ẹ̀rọ omi kò ju ilé mẹ́ta lọ sí ilé wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. N kò fẹ́ kí omi padà jìnnà, ọrùn mi ṣì ń rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ló ń gun alùpùpù kan lọ sílé ìwé. Ojú ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìlárá ti di ọ̀dà, àwọn tó ń gbé kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, láti Nàìjíríà ń sáré lórí rẹ̀ pẹ̀lú jálá lọ́tùn-ún lósì, ìyá wo ló máa ní kí ọmọ rẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn létí ibẹ̀ ní ìdájí? Èmi náà kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọmọ mi jókòó lórí alùpùpù, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó jókòó padà wálé. Tó bá dé, ó gbá ilẹ̀, ó dáná, ó fọ abọ́, olùkọ́ tí ń kọ́ wọn nílé á dé, ó tún jókòó. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó sùn, síbẹ̀ kò sí ìgbà kankan tí mímí rẹ̀ yá. Dídúró nídìí ìkòkò máa ń rẹ èèyàn, ṣùgbọ́n kì í mú ọkàn lágbára.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Nínú ilé kan náà, ìyá kan náà, oúnjẹ kan náà. Bí aago márùn-ún bá ti lù, ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún á pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, yóò sì jáde. Kò gba àṣẹ. N kò bi í léèrè ibi tó ń lọ, mo ti mọ̀ pé pápá ni. Ó ń padà nígbà tí wọ́n bá pe ìrun alẹ́, eruku ti bo gbogbo ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ebi ń pa á. Mo máa ń sọ pé ọmọ yìí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó fẹ́ràn rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni à bá máa pe ìfẹ́ yẹn tí kò bá sí ohùn márùn-ún lẹ́nu ọ̀nà? Kò sẹ́ni tó pe orúkọ àbúrò rẹ̀ rí láti ẹnu ọ̀nà wa pé kó jáde wá ṣeré. Tí ẹnì kan bá sì pè é, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ jáde láti wo ẹni náà.

Kì í sì í ṣe ọmọbìnrin nìkan. Ọmọ aládùúgbò wa kan sanra díẹ̀, òun ni wọ́n máa ń fi sójú góòlù nígbà gbogbo, kí ó sáà lè di ibẹ̀. Ó fara dà á fún ọdún kan. Báyìí, tí wọ́n bá ń lọ, inú yàrá ló ń wà.

Ohun kan wà tí mo ti ń rò láti ìgbà tí a ti bó ẹ̀gúsí yẹn. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu. Ọ̀pọ̀ ìtàn ló sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2008. Gbogbo wa ni a ti dúró lójú agbo láti ìgbà èwe. Ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n ara obìnrin ló ń fi hàn: á gbé ọmú igi sáyà, á di ìdí rẹ̀ kó tóbi, á so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, á sì fi gbogbo rẹ̀ jó títí ilẹ̀ á fi mì. Tí ọmú igi yẹn bá mì, àwọn èèyàn á hó, wọ́n á kí i, wọ́n á ná owó fún un. Àwọn ìyá wa la ń fi ijó náà bọlá fún, agbára tó wà lára obìnrin la ń júbà. Mo gbà á gbọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ọmọbìnrin tó ní ara náà gan-an, tí kò fi igi gbẹ́ ẹ, kò lè sáré láti ilé bàbá rẹ̀ dé Ìdènà kí wọ́n má fi í rẹ́rìn-ín? Mo bi ìyá ọkọ mi léèrè. Ó wò mí pẹ́, ó ní òun náà máa ń sáré nígbà kan.

Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan wà, Albert Bandura, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1977 ló kọ̀wé lórí ìgbàgbọ́ tí èèyàn ní pé òun lè ṣe nǹkan. Àwọn tí ń ṣèwádìí lórí ọ̀dọ́langba àti eré ìdárayá ti lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an láti ìgbà náà. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ yẹn kì í ti inú ìwàásù wá. Èyí tó fìdí múlẹ̀ jù ni èyí tí èèyàn rí nítorí pé ó ti ṣe nǹkan náà rí, tó sì yọrí. Lẹ́yìn ìyẹn ni rírí ẹni tó jọ ọ́ tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìyànjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára tó méjèèjì yẹn. Ohun tí ara bá sì ń sọ fún èèyàn náà wà níbẹ̀, bí àyà ṣe ń lù, bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n. Ọmọ tí ìtìjú bá ti mú, tí àyà rẹ̀ bá lù kìkìkì, á rò pé ara òun ló ń sọ pé òun kò lè ṣe é. Ẹ wá wo ọmọ mi. Ìgbà tó ṣe é, ó gbẹ̀yìn lójú gbogbo kíláàsì. Ẹni tó jọ ọ́ ti lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá rẹ̀ ń pariwo pé kó gbé fóònù sílẹ̀. Ibo ni ìgbàgbọ́ fẹ́ gbà wọlé?

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ fóònù yìí dáadáa, nítorí mo ti ṣe é ní àṣìṣe. Òun ló fi hàn mí. Ó ní, "Màámi, ẹ wo obìnrin yìí." Noélie Yarigo ni, ọmọ Matéri ní òkè ọ̀hún ní Atacora, ní àríwá Benin, tí wọ́n bí ní 1985. Ní oṣù kẹta 2024, ní Glasgow, ó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú eré ìje mítà 800 níbi ìdíje àgbáyé ti inú gbọ̀ngàn. Ọmọ Benin! Ẹni ọdún méjìdínlógójì, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti sọ fún pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. A wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo rí i bí ọmọ mi ṣe ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ lórí àga nígbà tí wọ́n dé ìyípo ìkẹyìn. Fóònù tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé obìnrin yẹn wọ ilé wa.

Ọjọ́ kejì, mo ní kó jẹ́ ká máa jí lọ sí Ìdènà. Mo sọ fún un pé kò sí pé a ń sáré, ìrìn lásán ni, èmi àti òun, aago márùn-ún àbọ̀, kí ojú tó pọ̀ nílẹ̀. Ó ní ó rẹ òun. Mo ní ó dára. Ní Sátidé, ó tẹ̀ lé mi.

N kò ní í parọ́ pé ó dùn ní àárọ̀ àkọ́kọ́. Orúnkún mi ń ké. Ọyẹ́ ń fẹ́, imú wa gbẹ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibẹ̀, mo sì fi ọwọ́ kan ògiri láìsọ ìdí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, òun náà fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, bí ó ṣe rí Ìdènà lókèèrè báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sọ fún mi, ó kàn lọ. Èmi ni mo wá ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú eruku pupa yẹn, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́ pé ilẹ̀ kò tíì mọ́.

Ìyá àgbà kan tó ń dá iná àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ti ń wò wá láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ké sí mi pé, "Ìyàwó, kí ló ń lé yín láàárọ̀ kùtù báyìí?" Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kò sí nǹkan tó ń lé wa, Ìyá, a ń na ẹsẹ̀ ni. Ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà sọ́ra fún ojú ayé. Mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un nígbà tí òun náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń yọ àkàrà méjì sọ́tọ̀ fún wa.

Mo lọ rí olùkọ́ EPS náà pẹ̀lú ìyá méjì mìíràn. A ò lọ bá a jà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ọmọbìnrin lè wọ ṣòkòtò dúdú sábẹ́, kí àwọn tí ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n borí sì lè wọ èyí tó gùn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n máa sáré lẹ́gbẹẹgbẹ́ dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ayé. Ó gbà. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun rí. Ó ní kí àwa náà má ṣe gbàgbé pé ìdánwò EPS wà nínú BEPC, ìdánwò àṣekágbá kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ọmọ tó ń fi ìwé dókítà sá fún un ń ṣe ara wọn. Mo tẹjú mọ́lẹ̀ nígbà tó sọ ìyẹn. Mo ra kọ́mú méjì fún ọmọ mi, èyí tó le, tó ń di àyà mú. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú rẹ̀ wà, mo sì ronú nípa ara mi lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá tó ká apá mọ́ àyà.

Iṣẹ́ alẹ́ nílé náà ní láti yí padà, èyí ló sì le jù. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa fọ abọ́ lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday kó tó lọ sí pápá. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wọn ní kí n má sọ ọmọkùnrin di obìnrin. Mo ní abọ́ ni, kì í ṣe oyún. Ó ti ń fọ̀ ọ́ báyìí, kò sì pa á. Bàbá wọn kò tíì sọ pé òun fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tó rí i pé bàtà tẹ́nísì ọmọ náà ti já nídìí, ó mú un lọ sọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀mákà fúnra rẹ̀.

Mo ń ronú nípa eegun. Ìgbà ọ̀dọ́ ni eegun èèyàn ń kó agbára jọ jù, eré àti fífò ló sì ń mú un le; ohun tí ọmọbìnrin bá kó jọ nígbà náà ni yóò máa ná lọ́jọ́ ogbó. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Àwọn obìnrin tó ru omi títí ara wọn fi bó ni wọ́n, àmọ́ nígbà tí ríru omi tán, kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn láti fi ara wọn ṣe ju kí wọ́n jókòó sídìí ọjà láti àárọ̀ di alẹ́. Èmi náà ni mo ń jókòó sídìí ọjà yẹn.

Ìwé dókítà ṣì wà nínú àpótí mi. Mo sọ fún ọmọ mi pé mo gbà á, mo sọ fún un pé kò yẹ kí n gbà á, mo sì sọ ibi tó wà fún un. Kò tíì béèrè. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í fẹ́ jí. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n tún fi í rẹ́rìn-ín lórí pápá, tó sì wálé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, èyí tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ló wá kí i lọ́jọ́ kejì. N kò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ní Sátidé tó kọjá, ọjà ti lù mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dìde. Mo gbọ́ agogo fóònù mi, mo pa á, mo yí ojú sí ògiri. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹnì kan rọra kan ilẹ̀kùn.

"Màámi. Ilẹ̀ ti ń mọ́ o. Àwọn yòókù ti wà lẹ́nu ọ̀nà."